Akọ̀wé Tí Kì í Ṣe Àṣìṣe

Àbúrò mi kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà kan ni mo fẹ́ ròyìn. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irè oko tí à ń tà sókè òkun, wọn ò sì dá ìwé kankan padà fún un rí. Bí wọ́n bá gbé ìwé àtijọ́ fún un pé kó dà á kọ, á fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á kà á sẹ́nu, á kọ ọ́, á sì tún kà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bó-Ṣe-Wà. Orúkọ náà wù ú. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá rán an lọ́jà, tí òun gbàgbé láti kọ iyọ̀ sílẹ̀, kò ní ra iyọ̀, bó tiẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i pé iyọ̀ ti tán nílé. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín gan-an.

Èmi àti Màámi ò mọ nǹkan kan nípa rúlà. Kajú là ń pa. Ọgọ́ta obìnrin ni wá lábẹ́ òrùlé páànù kan, oníkálukú lórí àpótí rẹ̀, òkúta níwájú, kùmọ̀ kékeré lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti yan kóró kajú tán, àwa a gbé e sórí òkúta, a lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, kí èèpo là kí ọmọ inú rẹ̀ má fọ́. Òróró inú èèpo yẹn máa ń bó èèyàn lọ́wọ́, torí náà eérú là ń fi pa ọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Màámi ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ gba káàdì ìdìbò, ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan kà ní àtàǹpàkò wọn. Ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ náà bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìka mìíràn. Màámi ní mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, kó yan èyí tó bá wù ú.

Ohun tó ń pa ilé iṣẹ́ wa lọ díẹ̀díẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Orílẹ̀-èdè olówó tó ń ra kajú wa kì í gba owó ẹnubodè kankan lórí kóró tó wà nínú èèpo. Àmọ́ bí a bá ti pa á, tí iṣẹ́ ọwọ́ wa ti wọ̀ ọ́, owó ẹnubodè gọbọi ni. Nítorí náà, kóró ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ẹ̀rọ tiwọn ló ń pa á lọ́hùn-ún, àwa tí a gbìn ín a sì máa rà á padà nínú agolo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ẹni tó sọ ọ́ ń bá mi ṣeré ni.

Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó ti fi ọdún mọ́kànlá bá àwọn olówó jiyàn, wọ́n sì ti borí. Òfin yí padà. Kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọjà tó fẹ́ kí wọ́n yọ owó ẹnubodè kúrò lórí rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, ó di ọdún méje kí wọ́n tó tún ṣí i. Ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní bí kajú tí a ti pa bá wọ inú ìwé yẹn, ọgọ́ta wa yóò di igba. Bí kò bá wọ̀ ọ́, òun yóò ti ilẹ̀kùn. Màámi ò dààmú rárá. Wọ́n ní ta ni yóò kọ ìwé náà bí kò ṣe ọmọ tí àwọn fi kajú rán níléèwé.

Lóòótọ́, òun ló kọ ọ́. Nígbà tó wá kí wa, ó ní ìwé ti lọ, ọwọ́ ara òun lòun sì fi kọ ọ́, pé kajú wà ní ìlà kẹrin. Màámi gbàdúrà fún un títí àmín fi sú mi. Kò jẹun púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀gá wa wọlé tòun tìwé lọ́wọ́, ó ní kí a dáwọ́ dúró. Ó kà á sí wa létí: ìlà kẹrin, kóró kajú pẹ̀lú èèpo. Ó tún un kà. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kóró pẹ̀lú èèpo kẹ̀, èyí tí wọn ò gba owó lórí ẹ̀ rí. Wọ́n fi ọdún mọ́kànlá jà fún wa, nígbà tí wọ́n ní kí a wá sọ ohun tí à ń fẹ́, ohun tó ti wà lọ́wọ́ wa la lọ tọrọ. Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹnu kàn yà mí débi pé mi ò lè pa á dé.

Mo gba ìwé náà, ó di ọ́fíìsì àbúrò mi. Tábìlì mẹ́fà ló wà nínú yàrá wọn, fáìlì sì ga dé ojú fèrèsé. Kò bá mi jiyàn. Ó fa fáìlì méjì yọ, ti ọdún yìí àti ìwé orúkọ ọjà tí à ń tà sókè òkun ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kẹrin nínú méjèèjì. Ó ní ti àtijọ́ ni wọ́n gbé fún òun pé kí òun dà kọ, ọ̀gá mẹ́rin ló sì buwọ́ lù ú lẹ́yìn òun.

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wò ó lójú, kò purọ́. Òkè òkun la ti ń wá ọ̀tá láti ọjọ́ yìí wá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní kó dìde, kó tẹ̀ lé mi, kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

A bá Màámi ní yàrá, wọn ò tíì fọ eérú ọwọ́ wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò sì ṣépè. Wọ́n kàn ní kó jókòó.

"Nígbà tí o ń kọ ọ́, ṣé o ò mọ̀ pé èyí tí a ti pa là ń fẹ́?"

Àbúrò mi wo eérú ọwọ́ wọn.

"Mo mọ̀, Màámi. Mo rí i. Ọwọ́ mi tiẹ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú èyí tí wọ́n gbé fún mi."

Mo ti rò pé ìyàlẹ́nu ti tán. Ó rí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi ọ̀gá rẹ̀, kò bi í, ó gbé bírò kọjá lórí ọgọ́ta obìnrin, ìyá tó bí i sì wà láàárín wọn.

Màámi ní kó padà síbẹ̀ lọ́la, kó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun rí i, bóyá wọ́n á lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Àbúrò mi mi orí pé rárá.

"Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ nígbà yẹn."

"Ohun tí èmi náà ń bi ọ́ nìyẹn," ni Màámi wí.