Bàbá Ṣadé, Tó Ń Fi Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ Wo Ayé Ìsinsìnyí

Yéè! Bàbá Ṣadé, ṣé bí ẹ ṣe máa lọ nìyí? Láàárọ̀ yìí mo ti bu omi ìwẹ̀ yín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa fi wẹ̀.

Kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lè mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọmọ Kàbà ni yín, ọkọ jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í jágbe mọ́ èèyàn. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ yín ni láti máa ka ìwé ìròyìn, kí ẹ sì máa gé ohun tó bá kan àwọn ọ̀gá yín. Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí a kó wá sí Orozo lẹ́bàá olú-ìlú, ẹ ò lè jáwọ́ níbẹ̀. Bí a bá lọ sí ọjà Wuse, èmi á máa wá ẹja, ẹ̀yin á wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn àlòkù fún àwọn onísúyà, ẹ á máa tú u wò. Mo máa ń ní, “Bàbá Ṣadé, ìdọ̀tí lẹ ń rà o.” Ẹ á rẹ́rìn-ín, ẹ á ní, “Ìyá Ṣadé, bí a ṣe ń ronú tẹ́lẹ̀ ni mò ń rà.”

Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, ẹ á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìpolówó wàrà ti àtijọ́, ọkọ jókòó, ó ń mu tiẹ̀, ìyàwó dúró tì í. Nínú ti orí fóònù, ọkọ ló ń po wàrà fún ọmọ, ìyàwó ń múra ibi iṣẹ́. Ẹ á bi mí pé, “Ìgbà wo la rin ọ̀nà yìí tí a ò mọ̀?”

Ọjọ́ tí Ṣadé, ọmọ wa kan ṣoṣo, gbé báàgì dé láti ilé ọkọ, ojú rẹ̀ wú. Mo kàn jókòó sílẹ̀ ni, ọwọ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n yín pè láti Kàbà, ó ní ká dá a padà kó tó di ọ̀rọ̀ ìta. Ẹ wọlé, ẹ mú ìwé ìròyìn kan jáde. Obìnrin kan kọ̀wé sí olóòtú níbẹ̀ pé ọkọ òun ń lu òun. Olóòtú ní kó ní sùúrù, kó sì máa se ọbẹ̀ tó dùn. Ẹ ṣí fóònù. Ẹjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo èrò ibẹ̀ ń pariwo pé kó sá. Ẹ ní, “Ṣadé, nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yìí, èmi náà gbà pé olóòtú sọ òótọ́. Kò sọ òótọ́. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, gbé báàgì rẹ wọlé.” Ṣadé tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn, Yorùbá ló fi sunkún lọ́jọ́ náà: “Bàbá mi, ẹ ṣé.”

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọwọ́ ọ̀tún yín rọ. Ẹ fẹ́ pè mí, ẹnu yín ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ń gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ò rìn ní Nyanya. Awakọ̀, ọmọ Hausa, ṣáà ń fi èdè rẹ̀ kí yín pẹ̀lẹ́ pé, “Sànnu, Baba, sànnu.” Mo gbé orí yín lé itan. Kò sóhun tí mo lè ṣe.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ wò mí, ẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn ni, ẹ sì ń retí èsì. Mo tẹ́tí, mo tún tẹ́tí, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ tún un sọ, omi ń bọ́ lójú yín. Nígbà tí mi ò lè wò ó mọ́, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ṣadé. Mo ti gbọ́.” Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ di ojú. Ẹ ò là á mọ́.

Kí ni mo gbà fún yín? Mo bi Ṣadé, mo bi dókítà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ ilé ni, bóyá ti ọmọ wa ni, bóyá ẹ kàn ní kí n fún yín lómi. Ẹ má bínú sí mi. Ohun yòówù kó jẹ́, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́.

Ẹ sùn re, olówó orí mi. Ẹ sùn re o.

Ìyàwó yín,
Ìyá Ṣadé