Ta Ló Ní Kí Gilda Kúnlẹ̀?

Gilda ti kú. Erin ni. Àìmọye ọdún ló fi ṣeré nínú circo, àwọn tó ń kó ẹranko kiri fún eré ìdárayá, ní Torino, ní Modena, ní Bergamo, nílẹ̀ Ítálì níbí, tí àwọn ọmọ wa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Orí sìmẹ́ǹtì tútù ló kú sí, nínú ilé ẹran kan lẹ́yìn Padova, ibi tí wọ́n jù ú sí nígbà tó darúgbó. Ẹ má sọ fún mi pé ẹranko lásán ni. Ta ló sọ ọ́ di òṣìṣẹ́?

Olúrónkẹ́, àbúrò wa tó máa ń tọ́jú àwọn arúgbó tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbà pé kó máa fún un lóúnjẹ. Láàárọ̀ tó kọ́kọ́ gbé koríko wọlé, Gilda kúnlẹ̀, ó tẹrí ba. Inú Olúrónkẹ́ dùn, ojú sì tún tì í, nítorí Gilda ti tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Òun náà bá sáré kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, màmá. Ẹ má kí mi báyìí." Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní erin òun ní ẹ̀kọ́ ilé ju àwọn ọmọ wa tó ń jókòó kí bàbá wọn ní "ciao" lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Dókítà ẹran tó wá wo ẹsẹ̀ Gilda kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àpá ẹ̀yìn etí rẹ̀ han Olúrónkẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fi ìkọ́ irin gún un. Irin yẹn ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Bó bá ti rí nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, á kúnlẹ̀ kí wọ́n má bàa gún un, ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló sì ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn? Olúrónkẹ́ sunkún bí ẹni tó ṣòfò.

Láti ọjọ́ náà, á ti koríko wọlé láti ìta, á wá wọlé lọ́wọ́ òfìfo, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí Gilda rí i. Oṣù ń lọ, kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ó pè mí lórí fóònù, ẹkún kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ó dúró. Ó dúró, ó wò mí lójú."

Kí ló tún kù? Ibùdó kan wà lẹ́bàá Torino fún àwọn erin tí wọ́n ti lò gbó. Iyanrìn wà níbẹ̀ tí orúnkún tó ń dunni lè sinmi lé, omi wà tí erin lè wọ̀ kí ara fúyẹ́. Wọ́n ti ya àyè sílẹ̀ fún Gilda àti Dora, erin kejì tí wọ́n jọ wà nínú ilé ẹran náà. Autorizzazione nìkan ló kù, àṣẹ ìjọba. Ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ ní ó di ọwọ́ tòkè. Tòkè lọ ferie. Wọ́n ti ìsinmi dé, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá wá yẹ ilé ẹran wò. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i pé kí circo máa kó o kiri láti ìlú dé ìlú, ṣé wọ́n yẹ ibì kankan wò? Òtútù bá Gilda lórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí wọ́n wá lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀pá ìwọ̀n sókè láti wọn òrùlé. Olúrónkẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣì ń wọn òrùlé lọ. Gilda kúnlẹ̀. Orúnkún yẹn kò gbé e dìde mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá òkú rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá wa kẹ́dùn. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó jókòó lé àṣẹ yẹn, kó jáde wá ṣàlàyé níwájú gbogbo ayé. Mo sì fẹ́ kí wọ́n gbé Dora kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Dora náà ti jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ àná, Olúrónkẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfìfo, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Dora kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́fíìsì, ẹ dá mi lóhùn: ta ni yóò gbé e dìde?