Saykal Lọ́yà Lójú Fèrèsé Àgọ́ Ọlọ́pàá

Lọ́jọ́ tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Saykal Lọ́yà há sójú fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá ìlú Naryn, yìnyín ń bọ́ sí i nídìí níta, orí rẹ̀ sì ń làágùn nínú ilé. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Mederbek ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ tètè fọ̀rọ̀ wá Ayzirek lẹ́nu wò láìsí lọ́yà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ní ó jí fóònù olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, ó ti mú bírò láti fọwọ́ sí i pé òun jalè, nígbà tí fèrèsé ṣí gbàgà.

"Ayzirek, ju bírò yẹn sílẹ̀! Má sọ nǹkan kan!"

"Ẹ̀gbọ́n, inú yàrá ni lọ́yà máa ń wà," ni Mederbek wí. "Ẹ ò tíì wọlé."

"Orí mi ti wọlé. Orí ló kàwé òfin, ìdí ò lọ yunifásítì!"

Kóòtù onírun rẹ̀ ti há, kò ṣeé tì síwájú, kò ṣeé fà sẹ́yìn. Mederbek pe ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n fà á títí ó fi já lulẹ̀ gbì. Saykal gbọn ara rẹ̀, ó jókòó ti ọmọ náà.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà mí wọlé."

Ayzirek ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi dé tìtìjú-tìtìjú: fóònù ti bọ́ sínú bàtà ọkọ rẹ̀. Saykal ní bí wọ́n bá máa mú bàtà náà, òun ni lọ́yà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀dọ́ tó pàdé tí kò ní bi pé, "Bí ọlọ́pàá bá mú ẹ, kí lo máa sọ?" Ó tiẹ̀ bi ọkọ ìyàwó kan níbi ìgbéyàwó. Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà débi pé nígbà tí ímáàmù bi í bóyá ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó pariwo pé, "Mo fẹ́ lọ́yà!"

"Mo ti dàgbà jù fún ẹ," ni Saykal wí. "Fẹ́ tìrẹ."

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, Mederbek fúnra rẹ̀ sáré wọ ilé Saykal, kò rántí bọ́ fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú Nurdin ọmọ mi nítorí ìjà! Wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láìsí lọ́yà. Kò bófin mu!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ṣùgbọ́n Saykal ti ń wọ bàtà. Ọjọ́ yẹn náà ni Nurdin jẹun nílé.

Nígbà tí Saykal kú, òtútù ti mú ilẹ̀ dì gbagidi. Àwọn ọ̀dọ́ tí Saykal ti gbèjà rọ́ dé ibojì, wọ́n ń du ṣọ́bìrì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ímáàmù ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ lọ. Mederbek dúró lápá kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Nurdin ló wá na ṣọ́bìrì sí i. Ó gbà á, ó sì da iyẹ̀pẹ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ tó sùn lọ.