Ọwọ́ Òsì Lórí Òkè Yìnyín

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ tí mo dá ọkọ mi dúró lórí òkè yìnyín, tí kò sì dé ibi tí ó ń lọ. Ìtìjú ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé n kò tíì fi ẹnu sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní Peckham, nílùú London, mo sì tún ń kọ́ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohun tí gbogbo ọmọ tí ó gba ọwọ́ mi kọjá mọ̀ mí sí ni pé èmi kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì. Bí ọmọ bá fi òsì na ìwé sí mi, n kò ní pariwo. N ó kàn ká ọwọ́ mi mọ́ra, n ó máa wò ó títí yóò fi rántí. Àwọn òyìnbó tí ń ta tòmátò ní ọjà East Street pàápàá ti mọ̀ mí. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á pa ọwọ́ dà. Mo rò pé mo ń tún ayé ṣe ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ní tirẹ̀. Walworth Road ni ó ń gbà lọ, tí ó ń gbà bọ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ tí ó ti rí àwòrán adágún omi kan lórí yìnyín ilẹ̀ Iceland, omi búlúù bí ẹni pa á láró, ni ó ti ń sọ pé òun yóò fi omi yẹn mu gààrí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ ó kàn gan síbẹ̀ bí ẹja inú fíríìsà ni!"

Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní bí ó bá ní ìrìn jíjìn kankan lọ́kàn, kí ó tètè rìn ín. Nítorí náà a wọ bàálù lọ sí Iceland, a háyà mọ́tò kan níbẹ̀, irú èyí tí ó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà á lẹ́bàá òkun. Láràárọ̀, kí ó tó ṣáná sí i, yóò ké pé, "Ẹ jókòó dáadáa o! Ẹni tí kò bá tíì sanwó, kó bọ́ọ́lẹ̀!"

"Dádì, èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, Tíṣà."

Ní ọjọ́ kẹrin, a gun òkè yìnyín tí adágún náà wà. Ọmọbìnrin kan tí ó kéré sí àbígbẹ̀yìn wa ni ó mú wa mọ̀nà. Ó so irin eléyín mọ́ bàtà wa, ó dé wa ní akoto, ó ní bí òun bá na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ó gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má dúró. Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ mirí sí i, bí mo ṣe máa ń mirí sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Àwa mẹ́fà ni a tẹ̀lé e. Yìnyín náà kò funfun bí mo ṣe rò. Eérú dúdú bò ó, ó ń rún wómúwómú lábẹ́ bàtà wa. Ẹ̀yìn mi ni ọkọ mi wà. Ọ̀rá gààrí, ṣúgà, ẹ̀pà àti kọ́ọ̀pù kan wà nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ lu àpò náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà, ọmọ náà dáhùn pé, "Ẹ bù díẹ̀ fún èmi náà tí a bá débẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú."

"Dádì, ẹ rọra," ni mo wí.

"Tíṣà, ta ló ń wa bọ́ọ̀sì yìí?"

A dé ibi tí yìnyín ti là sí méjì. Àlàfo náà kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n omi ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fò ó. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gún àáké kékeré tí ó fi ń gun yìnyín mọ́lẹ̀, ó dì í mú gírígírí, ó wá na ọwọ́ òsì sí mi.

Mo dúró.

N kò ronú sí i. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ ni ó ká mọ́ra. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì. Nígbà tí kò yé e, mo fi èdè òyìnbó sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ mi."

Kò bá mi jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àáké yọ, ó ń pa á dà sí ọwọ́ kejì. Ọkọ mi kò rí èyí. Ilẹ̀ ni ó ń wò, ó sì rò pé mo ti kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀, ó bá mi níbẹ̀ bí òpó. Kí ó má baà tì mí sínú àlàfo, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, sórí yìnyín tí omi ti mú dán. Mo gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó ti wà ní ìjókòó nígbà tí mo yíjú, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀yin èrò ọkọ̀," ó ní, "bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ o."

Gbogbo wa ni a padà. Ọmọbìnrin náà àti ọkùnrin méjì fi èjìká gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkọ mi bojú wẹ̀yìn sí ọ̀nà adágún náà.

Nísàlẹ̀, ọ̀gá ọmọbìnrin náà ń dúró dè wá. Ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo fa àáké mi yọ nígbà tí kò yẹ."

Ọ̀gá ní kí ó má kó èrò gun òkè mọ́ títí òun yóò fi wádìí. Ọkọ mi wò mí. Ó ń dúró kí n sọ òtítọ́. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹni tó ṣe é, kó dìde dúró," mo tẹrí ba, mo ń tú okùn bàtà mi.

Ẹlòmíràn ni ó wa mọ́tò wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ mi kò kéde ohunkóhun.

"Tíṣà, ọmọ yẹn ru ẹ̀bi rẹ."

"Mo mọ̀, Dádì."

"O mọ̀, o ò sì sọ."

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí di òní. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun àdúgbò wa ni ọ̀pá rẹ̀ ń gbé e dé. Bí àwọn ará gáréèjì bá béèrè bí gààrí ṣe rí, á ní, "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀." Òun náà ń bò mí. Ọ̀rá gààrí náà wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná wa. Kò jẹ́ kí n dà á nù, òun náà kò mu ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò fèsì. N kò mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà ti padà sórí òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ yín ní ọwọ́ ọ̀tún. N kò ní kí ẹ má kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, ọwọ́ tí ẹ bá rí ni kí ẹ gbà. Bí ẹ kò bá sì gbà á, tí nǹkan bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró kí ẹ sọ ọ́, kí ọmọ ọlọ́mọ tó ru ẹ̀bi yín.