Bẹ́ẹ̀dì Tí Simeon Kọ̀ Láti Jókòó Lé

Simeon Ọlátúbọ̀sún kì í sọ pé iṣẹ́ ti parí, àfi tó bá ti di ojú rẹ̀ méjèèjì, tó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn sípíkà tó gbé kọ́ dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀, mo rò pé ó ń ṣe àṣehàn nítorí pé akọ̀ròyìn wà nítòsí ni. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kọ̀wé nípa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè wa, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ pàdé tí ẹnu wọn mú ju irinṣẹ́ wọn lọ.

Ọmọ Efire ni Simeon, létí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja ní kùtùkùtù bí ẹni pé wọ́n ti dé ẹ̀yìnkùlé, tí ọkọ̀ wọn yóò sì ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán lójú omi. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ ohùn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní rárá, ọkọ̀ wíwà ló sú òun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wá sí Àgọ́-Ìwòyè láti kọ́ṣẹ́ rédíò títún ṣe. Lẹ́yìn tó gba òmìnira, ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní kó wá bá àwọn wo sípíkà wọn tó ń hu bí ajá. Ó tún un ṣe, ìjọ mìíràn sì gbọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí, ìjọ aláṣọ funfun tí kò tíì gbé sípíkà kọ́ sí láàárín Abigi sí Màkún-Omi ò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ìjọ. Yàrá tọkọtaya ni.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé náà wà, ní Òkè-Sopin. Bàbá Hezekiah Ọláníyọnu tó ni ín ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Leah, náà kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n jọ ń lọ. Wọn kì í jà, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n sì jọ ń gbàdúrà láàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó pín wọn níyà ni tẹlifíṣọ̀n. Etí Bàbá ti ń di, nítorí náà ńṣe ló máa ń gbé ohùn bọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè títí ẹni tó ń kọjá lójú títì yóò fi mọ ẹni tó gbá a wọlé. Màmá, tó fẹ́ràn orin ìsìn àti fíìmù, fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré tirẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti ń sùn fún ọdún méjì.

Nígbà òjò tó kọjá, Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Ó pariwo pe ìyàwó rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n fíìmù ń lọ ní yàrá ẹ̀yìn, Màmá kò sì gbọ́. Ó pẹ́ kó tó lọ yọjú wò ó. Orúnkún Bàbá ò tíì padà bọ̀ sípò di òní. Ọláwálé, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, wá sọ ọ̀rọ̀ tó dà bí òfin: kí àwọn méjèèjì padà sínú yàrá kan, tàbí kí òun wá mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá ò fẹ́ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá ní òun lè gbìyànjú ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n bí ariwo bọ́ọ̀lù bá tún fẹ́ fọ́ òun létí, òun ti mọ ọ̀nà yàrá òun.

Èyí ló mú kí Ọláwálé ra ẹ̀rọ ohùn tí wọ́n ń pè ní sọ́ráǹdì. Sípíkà kéékèèké márùn-ún ni, àti wúfà ńlá kan tó ń gbé ohùn tó wúwo jáde. Tẹlifíṣọ̀n méjèèjì yóò wà lára ògiri kan, níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ohùn kan náà ni wọn yóò jọ máa lò. Ẹni tó bá kàn á tẹ rìmóòtù, ohùn á bọ́ sórí tirẹ̀, àwòrán nìkan ni yóò kù fún ẹnì kejì. Simeon, tí wọ́n pè wá gbé e kọ́, ṣàlàyé fún wọn pé bí ohùn bá yí ènìyàn ká, kò ní í nílò kó ga kí etí tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lèyí jọ létí mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ inú ìjọ. Ó to sípíkà mẹ́ta sábẹ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n, ó gbé méjì kọ́ sí ògiri ẹ̀yìn, lókè ibi ìrọ̀rí. Nígbà tó kan àtigbọ́ ọ, Màmá ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Simeon sún sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀dì ọkọ àti ìyàwó kọ́ ni màá lọ jókòó lé.”

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ inú ilé pàápàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ti dàgbà. Ilẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ sí tó bá fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ ní yàrá. Àlejò tó bá fi ìdí kan bẹ́ẹ̀dì náà ti rí ọkọ fín, ó sì ti rí ìyàwó fín. Nítorí náà, ó gbé àpótí kan síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó di ojú. Ó dìde, ó yí nǹkan díẹ̀, ó tún jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ní ó ti dára. Èmi náà jókòó sórí àpótí náà. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wo aṣọ mi bóyá ó ti tutù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá pè é sórí fóònù. Bàbá ń gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìn orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dìde wò bóyá ẹnì kan wọlé. Ní ti Màmá, ńṣe ni gbogbo akọrin kóra jọ sínú etí rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ti kó aṣọ ìbora rẹ̀ padà sí yàrá ẹ̀yìn, Ọláwálé sì ti ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Simeon ní kí n bá òun lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó di ojú, ó gbọ́ ọ. Kò sí àléébù kankan. Ó yẹ wáyà wò, ó tún jókòó. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Èmi ni n kò lè pa ẹnu mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “wọn kì í sùn sórí àpótí.”

Mo rò pé á bínú. Ó gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo rò pé ohun tí màá gbọ́ níbí á sún mọ́ ti orí bẹ́ẹ̀dì náà ni.”

Bàbá ní bó bá jẹ́ ìyẹn ni, òun fún un láṣẹ, kó dùbúlẹ̀ kó gbọ́ ọ. Màmá náà ní òun fọwọ́ sí i. Simeon dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ní ara òun ò gbà á. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti fi orí bá ìrọ̀rí dọ́gba, àmọ́ etí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, kì í ṣe àárín. Ó dìde. Ó tú sípíkà méjì tó wà lókè ìrọ̀rí, ó gbé wọn kọ́ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lẹ́yìn náà ló bẹ Bàbá àti Màmá pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n ya òun ní etí wọn.

“Lọ́sàn-án gangan,” Màmá ní, “lójú oníwèé ìròyìn.”

Simeon kọjú sí ògiri níbi tí ẹ̀rọ wà, ó ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. A dúró síbẹ̀ bí ọmọléèwé tó pẹ́ dé. Bàbá ní òun ti ní kí ọ̀pọ̀ ọmọ kọjú sí ògiri láyé òun, ṣùgbọ́n òun ò tíì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn wọn rí. Màmá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ ilé náà, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Simeon fi orin ìsìn sí i, ó béèrè ibi tí olórin wà. Bàbá ní ó wà lápá ọ̀tún òun. Màmá ní irọ́ ni, apá òsì òun ló wà. Simeon yí bọ́tìnnì. Ó tún béèrè, èsì kan náà ni wọ́n fún un. Ó dín ohùn sípíkà ẹ̀gbẹ́, kò yí padà. Ó wá bi wọ́n bí àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì ṣe fẹ̀ tó.

“Ẹnì kan lè sùn sí i,” Bàbá ní.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” Simeon ní, ó ṣì kọjú sí ògiri. “Ibì kan ṣoṣo ni ohùn yìí ti ń pé. Àárín ni. N kò lè pín in sí méjì. Tí ẹ bá dúró sí etí bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún àti lósì, màá kàn máa yí i ni títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

A gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún. Màmá fi Ìjẹ̀bú sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó rọra, kó má fi orúnkún tó ń dùn ún sábẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, orin nìkan la ń gbọ́.

“Ó ti bọ́ sí iwájú,” Bàbá ní.

“Màmá ńkọ́?”

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Màmá ní.

Simeon wá ń dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀, ó ń béèrè bóyá Bàbá ṣì ń gbọ́ ọ. Bàbá ní òun ń gbọ́ ọ. Nígbà tó fi dúró, èmi tí mo wà lára ògiri ò lè mọ ọ̀rọ̀ orin náà mọ́. Mo rántí àmì ìbéèrè tí mo fi sínú ìwé mi, mo pa á rẹ́.

N kò tíì gbà pé sípíkà lè dá tọkọtaya padà sínú yàrá kan. Mo sọ ọ́ fún Simeon lójú ọ̀nà. Ó ní òun náà ò gbà bẹ́ẹ̀, pé ohùn ni iṣẹ́ òun, ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn tó ni bẹ́ẹ̀dì. Ọláwálé dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ó jẹun ọ̀sán, òun nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń padà sí Port Harcourt.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo pe Màmá Leah láti mọ̀ bóyá yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Ó ní kò ṣófo. Ó ní àwọn ará oko gbé iṣu wá, òun sì kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lé.