Mo pe ìyàwó mi ní Hajiya

Mo sùn sí téṣàn rélùwéè Kano nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ru ẹrù ní Fagge, mi ò kàwé, síbẹ̀ mo di ọ̀gá télọ̀ ní France Road. Ta ló tó mi?

Lónìí, mo ń gé babanriga, ó gún régé. Obìnrin kan gbé oúnjẹ wọlé.

Mo ní: "Sannu, Hajiya. Kí lẹ fẹ́ rán?"

Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá Ṣadé, ẹ má fi mí ṣeré. Èmi ìyàwó yín ni!"

Mi ò ṣeré o. Mi ò mọ̀ ọ́n ni.

Dókítà ti sọ ọ́: ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ sí, ọ̀tọ̀ ni ti ojú èèyàn. Ìkejì yìí ló ń bàjẹ́ lára mi, kò sì lóògùn.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣe bàbá yín rí, kí lẹ ṣe? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé àga ìyàwó mi síwájú máṣíìnì mi, kí n máa wò ó, bí mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó jókòó níbẹ̀.