Ọ̀nà Tí Mọ́tò Ò Gbà

Mọ́tò ni mo bẹ̀rù jù láyé. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe olè, mọ́tò ni. Ẹ̀rù náà ti pẹ́ lára mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ Máíkírà kan gbá mi ṣubú nísàlẹ̀ òkè Màpó ló sọ ọ́ di àìsàn. Apá mi kán, wọ́n tò ó, ó sì jinná. Àyà mi ni kò jinná. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á kú mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn á máa yà fún mi bí ẹni ń yà fún òpó iná.

Nígbà tí dókítà wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí ìrìn bá sú mi, ẹ̀rín ni mo rín. Níbo ni n ó ti gùn ún nínú ìgboro Ìbàdàn yìí? Ọkọ mi ló ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí àdúgbò yìí sì ni. Kò sí agbo ilé kan láti Àrẹ̀mọ dé Bẹyẹrunka tí kò mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì, ó sì la ọ̀nà tí mọ́tò ò gbà fún wa. A ó jáde láti ẹ̀yìn ilé wa ní Àrẹ̀mọ, a ó gba àárín àwọn ilé onípáànù tó ti dípẹtà, a ó já sí ẹ̀yìn Ọ̀rányàn, títí a ó fi wọ Bẹyẹrunka. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ti kan ọ̀dà, níbi tí títì kan ti da gẹ̀rẹ́ wá láti orí òkè. A gbọ́dọ̀ sọdá ibẹ̀ ní àlọ, ká tún sọdá rẹ̀ ní àbọ̀.

Kí n má purọ́, kíkí ni wọn ìbá máa pè é, kì í ṣe gígun kẹ̀kẹ́. Nínú agbo ilé, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú àgbà. Wọ́n á béèrè ẹni tó bí yín. A ó gùn díẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀, èmi á kúnlẹ̀, ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀, a ó kí wọn kú iṣẹ́, kú ìjókòó, kú ọjọ́ mẹ́ta, a ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè àwọn tó ni ilé, a ó tún gùn.

"Tíṣà, ẹ ti sọ ìyàwó yín di ọlọ́kadà," ni àwọn obìnrin ilé kan máa ń wí.

"Àyè ṣì wà lẹ́yìn mi, ẹ bọ́ sí i," ni ọkọ mi máa ń dá wọn lóhùn, inú rẹ̀ á sì máa dùn títí a ó fi délé.

Ní ibi títì yẹn, òun ló máa ń wà níwájú. Á fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́. Èmi á fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ kejì á wà lára tèmi, ojú mi á ti di gbàgbà. Mi ò lajú wo títì náà rí. Tó bá ti ní, "Ó ti dá, wá," mo ti ń tẹ̀ lé e nìyẹn, Bísímíláhì lẹ́nu mi, títí tí táyà á fi bọ́ sórí erùpẹ̀ lódìkejì. Kò ṣì mí sọdá rí, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ sí ojú rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ilé tó kẹ́yìn ọ̀nà wa ní Bẹyẹrunka, bàbá arúgbó kan máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàbá náà kì í fọhùn mọ́. Tí a bá kí i, ọwọ́ ló ń gbé sókè. Òjò wá dá wa dúró fún ìgbà díẹ̀, a ò jáde. Ọjọ́ tí a padà lọ, bẹ́ǹṣì náà ṣófo. Sìmẹ́ńtì tuntun wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò tíì gbẹ tán. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, wọ́n dákẹ́. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọkọ mi gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì òfìfo. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá," ló wí. "Òjò ló dá wa dúró o. Ṣé ara le?" Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ sí, ó sì ní, "A dúpẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èyí tó dàgbà jù ní, "Tíṣà, bàbá ti lọ. A ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn."

Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Ìgbà tí mo wo ojú ọkọ mi, tí mo rí i tó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí bẹ́ǹṣì, ni àyà mi já. A kí wọn kú ará fẹ́ra kù, a jáde. Kò tíì gun kẹ̀kẹ́ tí mo ní, "Bàbá wọn, ẹ ò rí i pé bẹ́ǹṣì ṣófo?"

"Oòrùn ló kọ mí lójú."

Oòrùn kankan ò ràn. Òjò ló ṣú.

"Àwọ̀ wo ni ìborùn tí mo wé yìí?"

Mo rántí gíláàsì ojú rẹ̀ tó ní ó fọ́ tí kò tún ra òmíràn, àti fóònù tó ń gbé fún mi kí n bá òun kà. "Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ," ló wí níkẹyìn. "Òsì ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sì ń mú mi sọdá títì?"

"Etí ni mo fi ń sọdá. Mọ́tò ò lè dákẹ́. Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní jáde mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì pa ọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Títì náà wà láàárín àwa àti ilé.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó bọ́ síwájú bó ṣe máa ń ṣe, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Lọ́tẹ̀ yìí mo lajú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

"Ó ti dá," ló wí. "Wá."

Máíkírà kan ń yọ́ bọ̀ láti orí òkè. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, àwọn awakọ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnnì níbi gẹ̀rẹ́ yẹn kí ọkọ̀ lè máa yí lọ fúnra rẹ̀. Apá mi tó kán rí ni mo fi fa kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn, tòun tọkọ mi. Ọkọ̀ náà kọjá níwájú táyà rẹ̀, ó fẹ́ etí agbádá rẹ̀ sókè.

"Afẹ́fẹ́ kí nìyẹn?" ló béèrè.

Mo ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá sí iwájú, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tèmi mú. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Títì dá, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kọjá, ọkọ̀ akóyọyọ kọjá, títì tún dá, mi ò tún lè gbé e.

"Ṣé kò tíì dá ni?" ló wí.

"Ó ku díẹ̀."

Mo tún wo òkè, mo tún wo ìsàlẹ̀. "Ó ti dá," ni mo wí.

Kò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tẹ́tí rárá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ sórí ọ̀dà lẹ́yìn mi.